Bí Àyẹ̀wò Kò Bá Fi Nǹkan Kan Hàn
Ẹ̀kọ́ fún Ọ̀sẹ̀ Kẹrin Ààwẹ̀ Ogójì Ọjọ́. Ìhìnrere: Jòhánù 9:1-41



Ní ọdún kan, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ wa lórí omi Bàtísímù, obìnrin kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi dúró títí gbogbo àwọn ìyókù fi lọ. Ó bi mí pé: “Olùkọ́, omi tí Fadá yóò dà sí mi lórí ní alẹ́ Àjíǹde, ṣé yóò pa iná tí ó wà ní ẹsẹ̀ mi?” Ó ti tó ọdún 6 tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń jó o lálaalẹ́, bí ẹni tí ó tẹ ẹyín iná. Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ti yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ti ya àwòrán egungun ẹ̀yìn rẹ̀. Wọn kò rí nǹkan kan. Owó kajú ọdún 3 ti bá ọ̀nà ìwòsàn lọ.

Mo mọ ohun tí ó wà nínú ìbéèrè rẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bí Ọlọ́run yóò ṣe ohun tí dókítà kò lè ṣe. Bí kò bá sì ṣe é, kí ni yóò kù fún òun láti dì mú? N kò dá a lóhùn dáadáa ní ọjọ́ náà. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ dáhùn níhìn-ín, kí ẹ̀yin náà lè gbọ́. Nítorí kò sí ọdún kan tí n kò rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ láàárín yín, ní Bantè àti ní àwọn abúlé tí ó yí i ká: ẹni tí orí rẹ̀ ń gbóná, ẹni tí inú rẹ̀ ń lọ́, ẹni tí ó rẹ̀ láti àárọ̀ kí ó tó gbé ọkọ́, tí ilé ìwòsàn kò sì rí ohun tí ó ń ṣe é.

1. Ìbéèrè àwọn ọmọ-ẹ̀yìn

Ní Ọjọ́ Ìsinmi kẹrin Ààwẹ̀, nígbà tí a bá ń ṣe Àyẹ̀wò Mímọ́ kejì fún àwọn tí yóò gba Bàtísímù, Ìjọ a máa ka ìtàn ọkùnrin tí a bí ní afọ́jú sí wọn létí. Bí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ti rí i, ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ wá sí wọn lẹ́nu ni pé: ta ni ó dẹ́ṣẹ̀, òun ni tàbí àwọn òbí rẹ̀? Wọn kò béèrè bí ó ti ń rí oúnjẹ jẹ. Wọn kò béèrè ẹni tí ń fà á lọ́wọ́ dé ojú ọ̀nà. Ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi náà rù ni wọ́n ń wá.

Jésù kò dárúkọ ẹnikẹ́ni fún wọn. Ó ní kì í ṣe ọkùnrin náà, kì í sì í ṣe àwọn òbí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, Ó po ẹrẹ̀, Ó fi kàn án lójú, Ó sì rán an lọ wẹ̀ ní Sílóámù. Ẹ kíyè sí èyí pẹ̀lú: nígbà tí àwọn aládùúgbò, àwọn òbí àti àwọn Farisí ti jiyàn lórí rẹ̀ tán, tí wọ́n sì lé e jáde, Jésù tún lọ wá a rí.

Ìbéèrè àwọn ọmọ-ẹ̀yìn kò tíì kúrò ní ilẹ̀ wa. Bí aláìsàn bá ti ilé ìwòsàn dé, tí ó ní wọn kò rí nǹkan kan, ẹbí a wo ojú ara wọn. Ọ̀kan á ní: “Kì í ṣe àìsàn òyìnbó.” Òmíràn á ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ̀kẹta á sì pa òwe tí gbogbo wa mọ̀: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ? Láti ìgbà náà lọ, àìsàn ti kúrò nínú ara aláìsàn, ó ti di ọ̀rọ̀ ìyá àgbà kan tí ó ń dá gbé ní ẹ̀yìn àgbàlá.

Ẹ̀yin ará, ohun méjì tí ó tẹ̀lé ara wọn lójú ọ̀nà, kì í ṣe dandan kí ọ̀kan bí èkejì. Orílẹ̀-èdè wa Benin ti rí ibi tí òwe yẹn lè gbé ènìyàn dé. Ní ọdún 1975 sí 1976, ìjọba ìgbà náà gbé ogun dìde sí àwọn tí wọ́n pè ní àjẹ́. Àwọn ọmọ-ọwọ́ ń kú, àìsàn tẹ́tánù sì wà nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá àgbà ni a mú, a sì mú kí wọ́n jẹ́wọ́ lórí rédíò ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè fi hàn pé wọ́n ṣe. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ó ń dáàbò bo ọmọ-ọwọ́ lọ́wọ́ tẹ́tánù. Ìjẹ́wọ́ ìyá àgbà kò gba ọmọ kankan là.

2. Ohun tí mo ní láti jẹ́wọ́

Kò yẹ kí n sọ ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn kí n sì fi tèmi pamọ́. Ó di ọdún 11 báyìí tí ooru kan ti máa ń dìde láti ẹ̀yìn ọrùn mi gòkè dé àtàrí, bí ẹni pé ìjàlọ ń tò kọjá lábẹ́ awọ orí. Mo lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan, mo lọ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kẹta wọ́n fi ẹ̀rọ ńlá ya àwòrán inú orí mi. Dókítà wo àwòrán náà, ó ní: “Kò sí ohun tí ń ṣe ọ́, máa lọ sílé.” Inú mi bàjẹ́ ju ìgbà tí mo wọlé lọ, nítorí orí náà ń gbóná bí ó ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin kan wà tí ń dín gààrí tà. Nígbàkúùgbà tí mo bá ti ìjọ dé, ó máa ń fi abọ́ iyán ránṣẹ́ sí mi. Ìbátan mi kan sọ fún mi ní alẹ́ ọjọ́ kan pé: “Ṣé o kò rí i pé ọ̀sẹ̀ tí o jẹ iyán rẹ̀ ni orí yẹn bẹ̀rẹ̀?” N kò gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ṣùgbọ́n n kò tún jẹ iyán náà mọ́. Fún ìkórè iṣu 2, bí ọmọ bá gbé abọ́ dé, mo máa ń dúpẹ́, mo sì máa ń ní kí ó gbé e padà. Màmá náà kò bi mí ní ìdí rẹ̀ rí. Ó kú nígbà ọyẹ́. A sin ín. Ní alẹ́ ọjọ́ ìsìnkú náà, orí mi gbóná gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń gbóná. Ẹni tí mo fura sí ti lọ, iná kò lọ.

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, èmi ni mo ń dúró níwájú àwọn tí ń múra de Bàtísímù, tí mo ń kọ́ wọn bí a ti ń kọ Èṣù àti gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àyẹ̀wò ti ilé ìwòsàn kò rí nǹkan kan nínú orí mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti jẹ́ kí Àyẹ̀wò ti Ìjọ wo ọkàn mi, ìbá ti rí nǹkan níbẹ̀. Mo ti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ náà fún àlùfáà, Ọlọ́run sì ti dárí jì mí. Ṣùgbọ́n abọ́ tí mo dá padà, kò sí ẹni tí yóò gbé e wá fún mi mọ́.

3. Ohun tí dókítà rí àti ohun tí kò rí

Bí dókítà bá ní òun kò rí nǹkan kan, ohun tí ó wí ni pé àwọn ẹ̀rọ òun kò rí egbò, kókó, kòkòrò tàbí egungun tí ó ṣẹ́. Ìròyìn rere ni, nítorí ó ti mú àwọn àìsàn búburú kan kúrò lọ́nà. Kò túmọ̀ sí pé irọ́ ni ẹ ń pa. Kò sì túmọ̀ sí pé ènìyàn kan ni ó ń ṣe yín.

Ìrora kì í gbé inú egbò nìkan. Àwọn iṣan kan wà tí ń gbé ìròyìn láti ara lọ sí ọpọlọ, ọpọlọ ni ó sì ń jẹ́ kí a mọ̀ pé nǹkan ń dùn wá. Ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ lẹ́yìn jàǹbá ọkọ̀ lè máa wí pé ọmọ-ìka ẹsẹ̀ tí kò sí mọ́ ń ta òun. Ẹsẹ̀ ti lọ, ìrora rẹ̀ kù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni egbò lè san tán kí àwọn iṣan má dákẹ́, bí ajá tí ó ń gbó síbẹ̀ nígbà tí olè ti lọ.

Àwọn baba wa mọ irú àìsàn bẹ́ẹ̀ kan, wọ́n sì pè é ní ọdẹ orí: nǹkan ń rìn nínú orí, orí ń gbóná, etí ń hó, àyà ń já, oorun kò wá. Àwọn dókítà kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọdún 1960, dókítà Raymond Prince, ará Kánádà tí ó ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí orí ń gbóná tí wọn kò sì lè kàwé mọ́. Ní ọdún 1987, dókítà Makanjuola tẹ ìwádìí jáde lórí ọdẹ orí fúnra rẹ̀ láàárín àwọn Yorùbá ní Nàìjíríà. Ó rí i pé ìbànújẹ́ àti àníyàn wọ́pọ̀ lọ́kàn àwọn tí ó ní i. Èyí kò sọ wọ́n di wèrè. Ara àti ọkàn jọ ń gbé ilé kan ni. Bí ọ̀kan bá ru ẹrù tí ó ju agbára rẹ̀ lọ, èkejì a máa kérora. Nítorí náà, bí dókítà bá béèrè bí ẹ ti ń sùn, tàbí bí ọ̀fọ̀ kan bá ti ṣẹ̀ yín, ẹ má ṣe bínú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe.

4. Obìnrin tí wọ́n gbẹ́ ibojì rẹ̀ sílẹ̀

Àwọn kan yóò wí pé: bí ènìyàn bá ní ìgbàgbọ́ tòótọ́, ṣé ara rẹ̀ kò ní yá ni? Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn Tèrésà Mímọ́ ti Ávila fún yín. Ní ilẹ̀ Sípéènì ni a bí i, ní ọdún 1515. Nígbà tí ó di Sísítà ní ọ̀dọ́, àìsàn kan kọlù ú tí àwọn oníṣègùn ìlú rẹ̀ kò rí ojútùú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ gbé e lọ sí abúlé kan tí ń jẹ́ Becedas, sọ́dọ̀ obìnrin oníṣègùn kan tí òkìkí rẹ̀ kàn. Oògùn náà le tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi padà sílé pẹ̀lú àìsàn tí ó ju ti ìṣáájú lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1539, ó dákú fún bí ọjọ́ 4. Wọ́n ti gbẹ́ ibojì rẹ̀ sílẹ̀. Ó jí, ṣùgbọ́n kò lè gbé apá, kò lè gbé ẹsẹ̀. Ó tó bí ọdún 3 kí ó tó tún rìn. Èébì kò fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 1577, nígbà tí ó ń kọ ọ̀kan nínú àwọn ìwé rẹ̀ tí ó lókìkí jù lọ lórí àdúrà, ó kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ariwo ńlá wà nínú orí òun. Etí ń hó, gẹ́gẹ́ bí àwa ti máa ń wí. Títí di òní, àwọn dókítà kò fi ẹnu kò lórí ohun tí ó ṣe é.

Obìnrin yìí dá ilé àwọn Sísítà tí ó ju 15 lọ sílẹ̀ kí ó tó kú ní ọdún 1582. Ní ọdún 1970, Pápà Paul Kẹfà sọ ọ́ di Olùkọ́ Ìjọ. Kò dúró títí ara rẹ̀ yóò fi yá tán kí ó tó sin Ọlọ́run. Ara tí ó ní náà ni ó fi sìn Ín. Ta ni yóò wí pé kò ní ìgbàgbọ́?

Bẹ́ẹ̀ náà ni Páúlù Mímọ́. Ẹ ka ìwé rẹ̀ kejì sí àwọn ará Kọ́ríńtì, orí 12. Ó sọ pé ẹ̀gún kan wà nínú ara òun. Kò sọ orúkọ rẹ̀ fún wa. Ó bẹ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹta kí ó mú un kúrò. A kò mú un kúrò. Oore-ọ̀fẹ́ tí yóò tó o láti gbé e ni a ṣèlérí fún un.

5. Ohun tí omi náà ń ṣe

Nísinsìnyí, mo padà sí ìbéèrè obìnrin náà. Omi Bàtísímù kì í ṣe oògùn ẹsẹ̀. Ó ń wẹ ẹ̀ṣẹ̀ nù, ó ń sọ ènìyàn di ọmọ Ọlọ́run, ó ń so ó mọ́ ikú àti àjíǹde Jésù. Ọlọ́run lè mú ara dá ní wákàtí náà bí Ó bá fẹ́. Ó sì dára láti bẹ̀ Ẹ́. Ìwé Ìtọ́ni tí Ìjọ gbé jáde ní Róòmù ní ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án ọdún 2000, lórí àdúrà fún ìwòsàn, kọ́ wa pé ó tọ́ kí aláìsàn máa wá ìlera kí ó sì máa tọrọ rẹ̀, láìfi ariwo àti ìdàrúdàpọ̀ ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wá sí ibi omi bí ẹni tí ń ná ọjà, tí ó ní “Mo fún Ọ ní orí mi, fún mi ní ẹsẹ̀ mi,” kí ni yóò ṣe ní ọjọ́ Ajé lẹ́yìn Àjíǹde, bí iná bá tún dé?

Ẹ rántí ọjọ́ tí Ìjọ gbà yín sí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n fi àmì àgbélébùú sí yín níwájú orí, ní etí, ní ojú, ní ètè, ní àyà, ní èjìká. Ìjọ kò kọ́kọ́ béèrè bóyá orí náà ń gbóná tàbí etí náà ń hó. Ara yín gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ni Krístì fi àmì Rẹ̀ sí, ara yẹn náà ni Ó sì ṣèlérí láti jí dìde. Kò sí ibì kan tí ń dùn yín tí ó wà lẹ́yìn òde àgbélébùú.

A wẹ obìnrin náà ní alẹ́ Àjíǹde. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ó wá bá mi. Ó ní: “Olùkọ́, ó ṣì ń jó. Ṣùgbọ́n mo lọ kí ìyá ọkọ mi lánàá.” Ó ti lé ní ọdún kan tí kò ti bá màmá náà sọ̀rọ̀.

6. Ìmọ̀ràn fún ẹni tí ó wà nínú ìrora

Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ ohun gbogbo, títí kan àgbo tí ẹ ti mu. Àwọn àìsàn kan máa ń fara pamọ́: àtọ̀gbẹ lè jó ẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru lè fọ́ orí. Nítorí náà ẹ má ṣe tètè wí pé wọn kò rí nǹkan kan lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Bí àmì tuntun bá dé, bí ẹ bá ń rù, bí ibà kò bá lọ, bí apá tàbí ẹsẹ̀ bá kú tipiri, ẹ padà lọ kíákíá.

Bí wọ́n bá ti yẹ̀ yín wò dáadáa, ẹ má ṣe máa sáré láti ẹnu ọ̀nà kan dé òmíràn, kí ẹ máa ta iṣu àti kajú láti fi ra oògùn ojú ọjà tí ó lè ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ yan olùtọ́jú kan, kí ẹ dúró tì í. Ẹ sinmi nígbà tí ó bá yẹ, ẹ ṣiṣẹ́ ní ìwọ̀n tí agbára yín mọ. Ìjọ kò fi ààwẹ̀ di ẹrù lé aláìsàn lórí. Bí ẹ kò bá lè dúró nínú Mísà, ẹ jókòó.

Ẹ má ṣe lọ béèrè ẹni tí ó ń ṣe yín lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá dárúkọ ènìyàn fún yín kò wo yín sàn. Àìsàn kejì ni ó fi kún ti àkọ́kọ́.

Kí ẹ tó gba Bàtísímù, ẹ lè bẹ àlùfáà kí ó súre fún yín. Lẹ́yìn Bàtísímù, bí àìsàn bá le, Sákráméntì Ìfòróróyàn Àwọn Aláìsàn wà fún yín. Kì í ṣe ti ẹni tí ń kú lọ nìkan.

Ẹ̀yin tí ara yín le, tiyín ni pé kí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ aláìsàn títí dé òpin. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ fún ọdún 12, tí ó ti ná gbogbo ohun ìní rẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn, Jésù dúró láàárín èrò láti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀, Ó sì pè é ní ọmọ. Ẹ má ṣe wí fún ẹnikẹ́ni pé ìrònú rẹ̀ lásán ni. Ẹ bá a pọn omi.

Fún àṣàrò nínú ọ̀sẹ̀ yìí
Ta ni mo ti ń yẹra fún nítorí pé mo fura sí i?
Bí Ọlọ́run kò bá mú ohun tí mo ń tọrọ wá ní alẹ́ Àjíǹde, ṣé n ó ṣì padà wá sí Mísà ní Ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e?
Ta ni ó wà nínú ìrora ní àdúgbò mi, tí n kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán?

Àdúrà
Jésù Olúwa, Ìwọ tí o lọ wá afọ́jú náà rí nígbà tí wọ́n lé e jáde, wá wa rí nínú ìrora wa. Bí ó bá wù Ọ́, mú un kúrò. Bí ó bá ṣì kù, má ṣe jẹ́ kí a fi í di ẹrù ẹ̀bi lé ẹnikẹ́ni lórí. Mú wa dé ibi omi Rẹ pẹ̀lú ọkàn tí kò ní ọ̀tá. Àmín.